Ilẹ̀kùn Pákó Ọkọ̀

Sísítà Mosúnmọ́lá kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yìn ín. Bí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, yóò gbọ́wọ́ sókè, yóò ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ilẹ̀kùn ni mo gbé síbẹ̀." Òótọ́ sì ni. Nínú ogún ọdún tí ó fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Port Harcourt, ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀ tí èèyàn lè tọ́ka sí kò ju ilẹ̀kùn kan lọ. Àmọ́ àwọn tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé tí wọ́n sì jáde láàyè mọ ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi tán lẹ́nu wọn.

Ìṣarà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1946. Ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta ni ó ti kọ́ ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú. Níbẹ̀ ni àgbà nọ́ọ̀sì kan ti fi òfin kan lé e lọ́wọ́ tí kò gbàgbé títí ó fi dàgbà: ohun tí o bá rí ni kí o kọ, má kọ ohun tí wọ́n wí fún ọ. Bí ìdílé kan bá gbé èèyàn wá tí wọ́n ní ó ń bá iwin sọ̀rọ̀, nọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sí káàdì pé aláìsàn ń bá iwin sọ̀rọ̀. Yóò jókòó ti ẹni náà, yóò wò ó dáadáa, yóò wá kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: ó ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó pa á lẹ́rìn-ín, kò fẹ́ wẹ̀, ó mọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọjọ́ òní.

Ní ọdún 1976, wọ́n gbé ọkọ rẹ̀, Nùrẹ́nì, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, lọ sí èbúté Port Harcourt. Mosúnmọ́lá kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì, ó tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ó fi ríṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan, ní ẹ̀ka tí àwọn ará ìlú ń pè ní "craze people side". Gbọ̀ngàn gígùn kan ni ẹ̀ka náà, ibùsùn méjìlá lápá kan, tábìlì kan lápá kejì, kọ́tìnì aláwọ̀ ewé láàárín wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níwájú rẹ̀ tí ó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn. Lórí bẹ́ǹṣì inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni àwọn tí ń ti ilé wá máa ń jókòó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Níbẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé kò síbòmíràn.

Àwọn Yorùbá tí ó wà ní Port Harcourt láyé ìgbà yẹn ní àṣà kan. Níbi tí wọ́n bá wà, nínú bọ́ọ̀sì, lórí ìlà ní báńkì, níwájú ẹni tó ń tajà fún wọn, bí wọ́n bá ti fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kí ẹlòmíràn gbọ́, wọn kì í sún mọ́ ara wọn, wọn kì í sì í rẹ ohùn sílẹ̀. Wọn yóò kàn bọ́ sínú Yorùbá. Ìyàwó yóò dúró síwájú oníṣu, yóò wí fún ọkọ rẹ̀ pé olè ni oníṣu, oníṣu yóò sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn. Èdè wọn ni ògiri wọn. Mosúnmọ́lá náà gbé ògiri yìí kiri fún ọdún mẹ́jọ, kò sì wó lù ú rí.

Ní ọdún 1984 ni wọ́n mú Olúrótìmí wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìkirun ni, ẹni ọdún méjìlélógún, ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì, ó sì gba yàrá kan sí Alakahia. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú. Àbúrò bàbá rẹ̀, Ọládọ̀tun, tí ó jẹ́ ìnísípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá ní Port Harcourt, ni ó tọ́ ọ dàgbà. Ọmọkùnrin náà ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wọ́n ti tọ́jú ara rẹ̀ yá ní wọ́ọ̀dù mìíràn, wọ́n wá ní kí ó máa lọ rí Sísítà Mosúnmọ́lá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò sọ ju "Ẹ káàárọ̀, mà" àti "Ó dàbọ̀, mà." Ibiere, ọmọ Okrika tí ó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀, a máa wò ó láti òkèèrè, a máa mi orí.

"Sister, your broda don come o. De one wey dey chop him own mouth."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, Mosúnmọ́lá jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, ó bọ́ sínú Yorùbá.

"Rótìmí, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, mà."

"Ta ló wá ń pa ẹ́ lọ báyìí?"

Ọmọkùnrin náà gbójú wo orí bẹ́ǹṣì. Apẹja kan ń sùn lápá ọ̀hún. Hannah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, obìnrin Kalabari kan tí ó ń ta kẹrosíìnì ní Alakahia, tí ó ti ń wá gba oògùn oorun láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìró rẹ̀ méjì wà lára rẹ̀ bí àwọn ará etí omi ti ń ró o, ó ń fi etí àpò fẹ́ ara.

"Má dá wọn lóhùn," ni Mosúnmọ́lá wí. "Kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá níbí. Sọ̀rọ̀."

Ó sì sọ̀rọ̀. Ó ní láti kékeré ni òun ti mọ̀ pé ọkùnrin ni ọkàn òun ń fà sí. Ó ní òun gbààwẹ̀, òun gbàdúrà, òun lọ wẹ̀ nínú odò bí wọ́n ti ní kí òun wẹ̀, kò lọ. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan ní yunifásítì, àwọn sì fẹ́ràn ara àwọn, títí ẹnìkan fi rí lẹ́tà tí òun kọ sí i. Ọ̀rẹ́ náà sá kúrò ní ìlú. Láti ìgbà náà ni òun ti ń dúró de ọjọ́ tí gbogbo ayé yóò gbọ́.

Ìwé tí Mosúnmọ́lá kà ní ilé ẹ̀kọ́ sọ pé àìsàn ni irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó rántí ojú ìwé náà dáadáa. Àmọ́ ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ kì í ṣe ojú ìwé.

"Ìfẹ́ yìí, ṣé òun ló ń dùn ẹ́?"

"Rárá o, mà. Ìgbà yẹn nìkan ni inú mi dùn. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sùn."

Nígbà tí ó lọ tán, Mosúnmọ́lá fa káàdì rẹ̀ yọ, ó kọ ohun tí ó rí: Kò rí oorun sùn. Ẹ̀rù èèyàn ń bà á. Orí rẹ̀ pé.

Ní Ọjọ́bọ̀, Olúrótìmí kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kò wá. Mosúnmọ́lá bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Alakahia, ó bá onílé rẹ̀ níwájú ilé tí ó ń ṣa ẹ̀wà.

"I don pack him load troway," ni obìnrin náà wí, kò gbójú sókè. "I no dey keep homo for my house. Na Hannah wey dey sell kerosene tell me."

Ìsọ̀ Hannah kò ju ilé méjì lọ síbẹ̀. Orí Mosúnmọ́lá ti gbóná kí ó tó débẹ̀.

"Hannah! Who tell you wetin dat boy tell me?"

Hannah rọra gbé gálọ́ọ̀nù ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó nu ọwọ́.

"Ẹ̀yin náà ni, Sísítà. Iwájú mi kọ́ lẹ ti ń sọ ọ́?"

Yorùbá ni. Yorùbá Èbúté Mẹ́ta, ó já gaara, kò ní àbùkù kankan. Mosúnmọ́lá wá àpótí kan jókòó lé.

"Ìwọ, o gbọ́ Yorùbá?"

"Rélùwéè ni bàbá mi ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo ti lọ sílé ìwé. Nígbà tí ogun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ la tó sá wálé."

"Ọdún méjì lo ti ń gba oògùn lọ́wọ́ mi! O ò sọ Yorùbá kan létí mi rí!"

"Ẹ ò bi mí rí. Pijin lẹ fi kí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi Pijin jẹ́ yín. Ọjọ́ tí ẹ wí fún dókítà ọmọ Ìbàdàn yẹn pé òórùn kẹrosíìnì ara mi fẹ́ẹ̀ dá yín kú, mo gbọ́ ìyẹn náà."

Hannah jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ ba ọmọ náà jẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀, àyà òun já, òun wá lọ bẹ onílé pé kí ó máa kanlẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ kí ó rí i bóyá ó jí. Onílé béèrè pé kí ló ṣe é. "Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti yọ̀, Sísítà. Láti ọjọ́ náà, oògùn yín gan-an ò lè mú mi sùn mọ́." Ó nu ojú. "Ẹnìkan tó ra kẹrosíìnì lánàá ní òun rí i ní Iwofe, létí omi. Ẹ má jókòó tì mí. Ẹ lọ."

Mosúnmọ́lá dé Iwofe nígbà tí oòrùn ṣì ga. Ní etí omi, lábẹ́ búkà tí wọ́n fi páànù bò, ọkùnrin kan tí à ń pè ní Gbọ́lágadé ń kan ọkọ̀ ojú omi. Ìlàjẹ ni, bàbá rẹ̀ ni ó bá iṣẹ́ ẹja pípa dé etíkun yẹn kí wọ́n tó bí i. Ó rí Olúrótìmí níbi tí ó jókòó sí lórí àtẹ̀gùn èbúté láti òwúrọ̀ dé àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò bi í ní ohunkóhun, ó kàn fa ìfági lé e lọ́wọ́ pé kí ó wá bá òun fá pákó. Ibẹ̀ ni Mosúnmọ́lá ti bá a, èérún pákó ní gbogbo irun orí rẹ̀.

Obìnrin náà kò mọ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sórí èérún pákó náà.

Olúrótìmí fò dìde. "Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde! Ẹ fẹ́ kí n gbé ègún ni?"

"Èmi ni mo jẹ̀bi. Èmi ni mo ní kò sẹ́ni tó gbọ́."

"Ẹ dìde ná, mà, ẹ jọ̀ọ́." Ó fà á dìde, òun náà sì jókòó sílẹ̀ kí ó má bàa ga jù ú lọ. "Mi ò bínú sí yín. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo sọ ọ́ láyé mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó ní ilẹ̀kùn ní ilé ìwòsàn yín. Aláboyún ní ilẹ̀kùn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fa eyín rẹ̀ gan-an ní ilẹ̀kùn. Àwa tí ọkàn ń dùn, bẹ́ǹṣì ni."

Mosúnmọ́lá wo omi. Ó mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ nísinsìnyí, bí òun kò bá lè ṣe é, ọmọ yìí lè má dúró gbọ́ òmíràn.

"Bí mo bá gbé ilẹ̀kùn síbẹ̀, ṣé wàá wá?"

"Nígbà wo, mà?"

"Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó kà á lórí ìka, bí ẹni tó ń yanjú ìṣirò. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án. N ó gbìyànjú láti wà dìgbà náà."

Gbọ́lágadé ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí Yorùbá ni òun náà. Ó tu ìṣó mẹ́ta tí ó kó sẹ́nu sọ́wọ́. "Ilẹ̀kùn báwo?" ni ó béèrè.

"Èyí tí ọ̀rọ̀ kò lè gbà kọjá."

"Èyí tí omi kò lè gbà kọjá ni mo mọ̀ ọ́n ṣe," ni Gbọ́lágadé wí. "Bí omi kò bá kọjá, mi ò rò pé ọ̀rọ̀ á kọjá."

Dókítà àgbà ní kò sí ètò fún ilẹ̀kùn nínú ìwé ọdún yẹn, kò sì sí yàrá tí wọn yóò gbé e sí. Mosúnmọ́lá ní yàrá wà. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ibì kan wà tí wọ́n kó àwọn ibùsùn tó ti dá lẹ́sẹ̀ sí. Àwọn tó kó ẹrù ilé ìwòsàn nígbà ogun ti tú ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó fi òmíràn dípò láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún. Dókítà ní bí ó bá lè kó irin ibẹ̀ kúrò, kí ó máa lò ó, òun kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Ibiere wọ inú rẹ̀. Wọ́n fa ibùsùn mẹ́rìnlá jáde. Ibiere bú irin kọ̀ọ̀kan lédè Okrika bí ó ti ń jáde.

Pákó ìdí ọkọ̀ tó ṣẹ́kù ni Gbọ́lágadé fi kan ilẹ̀kùn náà, ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Olúrótìmí ni ó fá a. Òun náà ni ó fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó, bí wọ́n ti ń dí ti ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí ó ti ń ṣe é, Gbọ́lágadé ránṣẹ́ sí Sísítà pé ọmọ rẹ̀ sùn lọ sórí pákó lọ́sàn-án gangan, ó sì ń hanrun. Mosúnmọ́lá ní inú òun kò dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì.

Nùrẹ́nì ni ó bá wọn wá ọkọ̀ ẹrù. Nígbà tí ó rí ohun tí wọ́n gbé sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ọ̀dà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ìyá Moríyọ̀, ṣé ilẹ̀kùn lèyí ni àbí ọkọ̀ ojú omi?"

"Ilẹ̀kùn ni."

"Ẹ yáa gbé e kọjá kíákíá. Bí àwọn èèyàn mi ní èbúté bá rí i, wọn á ní ẹ ò san owó ibodè."

Ọjọ́rú ni wọ́n kan ìkọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Mosúnmọ́lá ránṣẹ́ pe Hannah láti Alakahia. Ó ní kí ó dúró síta, kí ó fi etí lé pákó. Òun wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbóhùn sókè díẹ̀ nínú yàrá, ó ní Hannah kò mọ ọbẹ̀ sè, ó ní iyọ̀ wọ́n nílé rẹ̀, ó ní gèlè tí ó wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó ṣílẹ̀kùn. Hannah dúró síbẹ̀ gbọnin, ojú rẹ̀ kò yí padà.

"Kí ni mo sọ?"

"Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mosúnmọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ògiri mú. Hannah ń béèrè pé, "Kí lẹ sọ? Sísítà, kí lẹ sọ nípa mi?" Kò sọ fún un títí dòní.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án ku díẹ̀, Olúrótìmí dé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀kùn tí òun fúnra rẹ̀ fá, ó wọlé, ó jókòó. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ tí Ibiere fi kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, èyí tí wọ́n ti jọ fohùn ṣọ̀kan lé pé ó túmọ̀ sí wàhálà. Mosúnmọ́lá jáde, ó fà á dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Ọládọ̀tun ni. Kò wọ aṣọ iṣẹ́. Bùbá àti ṣòkòtò ni ó wọ̀. Onílé Alakahia ti lọ bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Sísítà. Mo fẹ́ kí ẹ fún mi ní ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé ọmọ mi ti ya wèrè. Ibì kan wà tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún irú wọn, wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ títí ẹ̀mí náà á fi jáde. Àmọ́ àwọn yunifásítì kò ní gbà kí n mú un lọ láìsí ìwé."

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ohun tí mo bá rí ni mo máa ń kọ. Ṣé kí n bi yín? Ọmọ yín, ṣé ó mọ̀ yín bí ó bá rí yín?"

"Ó mọ̀ mí."

"Ṣé ó ń bú èèyàn lójú pópó? Ṣé ó ń ṣa ìdọ̀tí jẹ?"

"Ẹ̀yin obìnrin yìí, olóye ni ọmọ náà. Òun ló ṣe ipò kìíní nínú kíláàsì rẹ̀ lọ́dún tó kọjá."

"Èwo ni kí n wá kọ, sà? Kí n kọ ọ́ pé ó ṣe ipò kìíní?"

Hannah, tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì, fi ìró bo ẹnu. Ojú Ọládọ̀tun pọ́n.

"Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ìyẹn tí ó ń ṣe pẹ̀lú ọkùnrin. Ṣé ìyẹn kì í ṣe àìsàn?"

"Ó sọ fún mi ibi tó ń dùn ún, sà. Kì í ṣe ibẹ̀."

"Níbo ló wà?"

Mosúnmọ́lá kò purọ́. Ó ní ó wà nínú yàrá, àti pé ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ nìkan ló lè ní kí ẹlòmíràn wọlé. Ọládọ̀tun gbọ́wọ́ sókè, ó gbá ilẹ̀kùn náà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan, pákó náà sì dún kíkankíkan bí ìdí ọkọ̀ tó kan èbúté.

Ilẹ̀kùn ṣí. Olúrótìmí ni ó ṣí i fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú àbúrò bàbá rẹ̀, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò ní lọ ibẹ̀, sà."

Ọládọ̀tun wò ó láti òkè délẹ̀. Bóyá ó ti ń retí èèyàn gbígbẹ tí kò fara balẹ̀. Ẹni tó rí yìí ti wẹ̀, ó ti jẹun, oòrùn etí omi ti pa á.

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

"Ọ̀dà ni, sà. Mo ń bá wọn kan ọkọ̀ ní Iwofe."

Ohùn ọkùnrin náà rẹlẹ̀. "Bí o kò bá tẹ̀ lé mi lónìí, má pe orúkọ mi mọ́."

"Orúkọ yín ni mò ń jẹ́, sà. Kò sí òmíràn tí mo ní."

Ọládọ̀tun dúró bí ìgbà tí èèyàn ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó yí padà, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Olúrótìmí wọlé padà, ilẹ̀kùn pa dé. Ohun tí ó sọ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Mosúnmọ́lá nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Hannah ni ó gbà á sílé. Ó ní yàrá ẹ̀yìn wà nílé òun, kẹrosíìnì ni ó kún un, òun yóò kó o jáde bí òórùn rẹ̀ kò bá ní dá a kú. Ibẹ̀ ni ó gbé títí ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1986. Ó lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ìhà àríwá, ó padà wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé gíga kan ní Rumuomasi.

Àwọn mìíràn wá. Kò sẹ́ni tó polówó yàrá náà, ẹnu ni ó gbé e kiri: "Lọ rí Sísítà onílẹ̀kùn." Àwọn obìnrin méjì tó ń ta aṣọ ní Rumuomasi wá, tí wọ́n ti ń gbé pọ̀ láti ọdún mọ́kànlá, tí ìdílé ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi í fọ́kọ tipátipá. Sójà kan wá, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ó sọ lóṣù kan. Àwọn agùnbánirọ̀ wá láti Oǹdó àti Ìlọrin, àwọn ọmọ Ikwerre àti Kalabari wá pẹ̀lú. Mosúnmọ́lá kì í wí fún wọn pé kí wọ́n yí padà. Ohun tó ń bẹ lórí káàdì wọn kò ju ohun tí ó rí lọ: kò sùn, ẹ̀rù ń bà á, ó ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá tú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tí ó lè fi mú wọn. Àwọn nọ́ọ̀sì kékeré tó ń bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń kọ́ wọn ni bí wọn yóò ti ti ilẹ̀kùn. Ìkejì ni pé kí wọ́n má wá ìwòsàn sí ohun tí kì í ṣe àìsàn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó yè. Ní ọdún 1989, agùnbánirọ̀ kan tí ó wá lẹ́ẹ̀mejì péré kò wá lẹ́ẹ̀kẹta. Mosúnmọ́lá bá wọn lọ sí ìsìnkú rẹ̀ ní Àkúrẹ́, ó dúró lẹ́yìn, kò sọ ẹni tí òun jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó padà dé, ó fi Ọjọ́ Ajé kún àwọn ọjọ́ tí yàrá náà ń ṣí.

Ọládọ̀tun náà wá lẹ́ẹ̀kan, ní ọdún 1988, ó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé e kúrò ní Port Harcourt. Kò jókòó. Ó béèrè pé, "Ṣé ó wà láàyè?" Mosúnmọ́lá ní ó wà láàyè, ó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ara rẹ̀ le. Ọkùnrin náà mi orí. Ó fi ọwọ́ kan pákó ilẹ̀kùn náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá ibi tí òun gbá lọ́jọ́ kìíní ṣì ní àpá, ó sì lọ.

Ní ọdún 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé yọ irú ìfẹ́ yìí kúrò nínú ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn àìsàn sí. Nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà ni Olúrótìmí rí ìròyìn náà nínú ìwé kan ní yunifásítì, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó gbé e wá fún Sísítà. Sísítà kà á lẹ́ẹ̀mejì, awò ojú rẹ̀ sún dé góńgó imú.

"Gbogbo àgbáyé yìí," ni ó wí, "wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́?"

Ó lẹ ìwé náà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tó bá jókòó sínú yàrá nìkan ti lè rí i.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 1996. Olúrótìmí ti ń wá sí yàrá náà lẹ́yìn iṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, ó ń jókòó ti àwọn tí wọ́n bá fẹ́ rí ẹni tó ti la ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí Mosúnmọ́lá dé lọ́jọ́ ìkẹyìn láti kó ife tíì rẹ̀ àti sálúbàtà rẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ibiere ní Olúrótìmí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹnìkan tó wá láti Alakahia, tó ń sunkún bọ̀ láti òpópónà.

"Make I knock, Sister? Na your room."

"Má kàn án," ni Mosúnmọ́lá wí. Ibiere ti gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó tún ń fi èdè ṣe ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hannah tó wá kí i pé ó kú ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó ń fọ aṣọ ń sá aṣọ níwájú wọn. Òórùn ọ̀dà ṣì ń bọ̀ láti ara pákó náà bí oòrùn bá ti mú. Mosúnmọ́lá na ọrùn, ó dẹ etí sí ilẹ̀kùn náà dáadáa, ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Kí lẹ gbọ́?" ni Hannah béèrè.

"N ò gbọ́ nǹkan kan," ni ó wí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé fún.